Orúkọ tí Ìyá Bísí Kì í Pè

Àwọn tó ti ka ìwé mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa ń bi mí lórí fóònù pé ibo ni mo ti rí ìtàn náà, àti pé ta ló kọ́ mi. Wọ́n máa ń retí pé kí n dárúkọ yunifásítì kan. Tòlótòló ló kọ́ mi. Tòlótòló, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, àti ẹ̀rọ ńlá kan tó ń lọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì nílùú òyìnbó. Èmi fúnra mi, fọ́ọ̀mù kẹta ni mo ti fi ìwé sílẹ̀ ní Òmù-Àrán, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má retí ọ̀rọ̀ ńláńlá.

Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi gbé ìyàwó wálé láti Àgbámù. Ìyá wa ti kú lọ́dún tó ṣáájú. Nínú agbo ilé wa nígbà náà, ìyàwó kò gbọdọ̀ pe ọmọ ilé lórúkọ, ì báà ṣe ọmọ tó ń rá. Ẹnikẹ́ni tó bá ti wà nílé kí ìyàwó tó dé, ọkọ rẹ̀ ni. Ìyàwó tuntun á fi bí ọ̀sẹ̀ méjì wò wá lọ wò wá bọ̀, lẹ́yìn náà á fún kálukú ní orúkọ tí òun á máa pè é títí ayé. Ìyàwó tí mò ń wí yìí, tí gbogbo ayé padà ń pè ní Ìyá Bísí, mọ iṣẹ́ náà ju gbogbo wọn lọ. Àbúrò bàbá mi kan wà tí kò lè kí ọ kó má fi ìbéèrè mẹ́ta tì í. Ó sọ ọ́ ní Bàbá Ìbéèrè. Ọmọbìnrin kan tó tẹ́ẹ́rẹ́ di Òpéléńgé. Àǹtí wa kan máa ń rẹ́rìn-ín kí wọ́n tó sọ ohun tó pa ni lẹ́rìn-ín, torí kí a lè rí eyín rẹ̀. Ìyẹn di Eyínfúnjowó.

Tèmi pẹ́. Ó ti fún gbogbo ilé lórúkọ tán, èmi nìkan ló kù. Lọ́jọ́ kan, tòlótòló àbúrò bàbá mi na ìyẹ́ sí mi. Mo figbe ta, mo sáré gba ààrin agbo ilé, mo kó sábẹ́ ìró ìyàwó tuntun níbi tó ti ń fọ abọ́, mo sì di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Ó fi ìgbálẹ̀ lé ẹyẹ náà lọ. Ó fà mí jáde, ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní, "Arógunmásàá, ọkọ mi." Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín débi pé Bàbá Ìbéèrè gbàgbé láti béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn, fún nǹkan bí àádọ́ta ọdún, Ìyá Bísí kò pe orúkọ tí bàbá mi sọ mí rí. Inú ì báà bí i, ara mi ì báà má yá, Arógunmásàá ni. Òun ló tọ́ mi dàgbà. Ó mọ orúkọ mi o. Kì í pè é ni.

Ohun kejì tó kọ́ mi ni Ẹ̀sìẹ́, ìlú kan tí kò jìnnà sí wa. Ní ìwé kẹfà, tíṣà wa kó wa lọ wo àwọn ère òkúta níbẹ̀. Àwọn tó kù ń ka iye wọn, èmi ń wá ibi tí màá gbà sá. Òkúta tó jókòó bí ènìyàn, tó di irun, tó fi ọwọ́ lé orúnkún, tí orí àwọn mìíràn ti já kúrò lọ́rùn. Bàbá tó ń mú wa káàkiri ní wọ́n sọ pé àlejò ni gbogbo wọn, pé ṣe ni wọ́n di òkúta. Kò sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Níbi tí mo ti ń rò ó lọ́wọ́, tíṣà ṣí rẹ́jísítà níwájú àwọn òkúta náà, ó ń pè wá níkọ̀ọ̀kan láti mọ̀ bóyá a pé. Nígbà tó dé orí mi, mi ò dáhùn. Ó pè mí nígbà mẹ́rin. Mo ti mọ ohun tó pa àwọn àlejò yẹn: ẹnìkan ló pè wọ́n lórúkọ, wọ́n sì jẹ́.

Ẹgba mẹ́fà ni mo jẹ dípò kí n di òkúta. Nígbà tí mo délé, mo ròyìn fún Ìyá Bísí. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ń gbọ́n ìyẹ̀fun kúrò lọ́wọ́, ó ní, "O ò ṣe nǹkan tó burú, ọkọ mi. Ṣé o wá rí ìdí tí èmi kì í fi í pè ọ́ lórúkọ?" Ó ń ṣe àwàdà. Èmi ò mọ̀ pé àwàdà ni. Mo gbà á gbọ́ títí mo fi hu irùngbọ̀n.

*

Bí mo ṣe dé ìlú òyìnbó kì í ṣe ìtàn tó dùn. Mo débẹ̀, ó tán. Ọdún kọkànlá rèé.

Òtútù kọ́ ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù. Wọ́n ti kìlọ̀ òtútù fún mi. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò kìlọ̀ ni pé ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ máa jẹ́ ọmọ tí mo lè bí, tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì pàdé ara wọn, àti pé ó máa dúró ní ìpẹ̀kun gbọ̀ngàn, á máa pariwo orúkọ mi lé mi lórí. Orúkọ tí bàbá mi sọ mí lọ́jọ́ kẹjọ. Kò sí bọ̀dá níwájú rẹ̀, kò sí bàbá, kò sí nǹkan kan. Àárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn. Mo di aṣọ bẹ́ẹ̀dì mú, mo dúró gbagidi, mo ń retí kí òkúta bẹ̀rẹ̀ láti àtẹ́lẹsẹ̀ mi. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógójì ni mí o, mo ti ní irun funfun láyà.

Kì í ṣe pé ọmọ náà burú. Ó ní kí èmi náà máa pe òun lórúkọ, gbogbo ènìyàn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mi ò lè ṣe é. Bí mo bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, ṣe ni mo máa ń rìn lọ dúró síwájú rẹ̀ títí á fi gbójú sókè. Nígbà mìíràn mo máa ń dúró tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Ó rò pé mo níwà pẹ̀lẹ́.

Ilé ìfọṣọ ńlá ni. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì àwọn hòtẹ́ẹ̀lì ni à ń fọ̀. Iṣẹ́ tèmi ni láti gba ìṣẹ́tí aṣọ bó ṣe ń jáde gbígbóná lẹ́nu ẹ̀rọ, kí n ká a pẹ̀lú ẹnìkejì mi, obìnrin àgbàlagbà kan ará Poland. Èmi àti obìnrin yìí á pàdé, aṣọ á wà láàárín wa, a ó yà, a ó tún pàdé. Fún ọdún méjì àkọ́kọ́, mi ò rò pé a sọ tó ogún ọ̀rọ̀ síra wa. Tí mo bá jáde níbi iṣẹ́, bàtà tèmi nìkan ni mò ń gbọ́ ní òpópónà. Mo gbìyànjú àtimáa kí àwọn tí mo bá pàdé. Nígbà tó di oṣù kẹta, mo dákẹ́.

Inú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni ìlú inú ìwé mi ti yọ sí mi. Mo pè é ní Òkè-Ìdákẹ́. Nǹkan kan ń gbé inú àpáta tó wà lẹ́yìn ìlú, Olùgbọ́ ni orúkọ rẹ̀. Kò ní ojú, kò ní ẹsẹ̀, etí lásán ni. Bí wọ́n bá pe orúkọ àbísọ ẹnikẹ́ni síta, Olùgbọ́ á gbọ́, onítọ̀hún á sì bẹ̀rẹ̀ sí í di òkúta láti ìsàlẹ̀ wá. Nítorí èyí ni àwọn ìyàwó ìlú náà ṣe fún gbogbo ènìyàn ní orúkọ mìíràn, kí wọ́n lè fi wọ́n pamọ́. Òpéléńgé ni olórí ìtàn. Bàbá Ìbéèrè ló ń dá wàhálà sílẹ̀ torí pé ó fẹ́ mọ orúkọ gidi gbogbo ènìyàn. Ọkùnrin ojo kan wà níbẹ̀ tó ń sá fún gbogbo nǹkan. Ẹ ti mọ ẹni tí ìyẹn jẹ́.

*

Bí mo ṣe ń kọ ọ́ rèé. Mò ń rò ó, mò ń sọ ọ́ sẹ́nu, bí mo ṣe ń ká aṣọ. Tí gbólóhùn kan bá dára, mo máa ń kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé pélébé tí wọ́n ń so mọ́ ìdì aṣọ, mo máa ń fi í sápò. Lọ́jọ́ Sátidé màá tò ó jọ sínú ìwé àkọsílẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò gbà pé mo ti kọ nǹkan kan àfi tí Ìyá Bísí bá ti gbọ́ ọ. Ní ọ̀sán Àìkú, tó bá ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, màá pè é, màá ka èyí tí mo kọ fún un.

Ẹ̀gúsí ni ó máa ń pa nígbà tó bá ń gbọ́ mi. Mo máa ń gbọ́ ọ lórí fóònù, pà, pà, pà. Òun ni mo fi ń díwọ̀n iṣẹ́ mi. Tí ariwo ẹ̀gúsí bá ń lọ, mo mọ̀ pé ibẹ̀ kò dùn, màá fi bírò fa ilà sí i. Tó bá dúró, mo mọ̀ pé mo ti mú un. Ní orí keje ìwé kìíní, níbi tí Eyínfúnjowó ti rẹ́rìn-ín tí òkúta sì ti dé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ẹ̀gúsí dákẹ́ fún odindi ojú ìwé méjì. Mo yọ̀ débi pé mo fi ilé tí mò ń gbé sílẹ̀ láìti ilẹ̀kùn.

Kì í yìn mí. Ó ní Olùgbọ́ mi sanra jù, pé nǹkan tó ń bani lẹ́rù kì í jẹun kánú bẹ́ẹ̀. Ó ní Òpéléńgé tí òun mọ̀ kò lè dákẹ́ fún ojú ewé kan, kí n jẹ́ kó sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo bá nílò ẹni tuntun nínú ìtàn, màá ṣàpèjúwe ìwà rẹ̀ fún un, kí n tó parí á ti sọ ọ́ lórúkọ. Ohùn Ìgbómìnà gan-an ló fi ń bá mi sọ ọ́. Bí mo ṣe kọ ọ́ síbí, mo ti tún un ṣe kí ará ibòmíràn lè rí i kà.

Bísí, ọmọ rẹ̀, tíṣà ni. Òun ló tẹ ìwé kìíní sórí kọ̀ǹpútà, ó sì gbé e lọ sọ́dọ̀ onítẹ̀wé kan n'Ílọrin. Nígbà tí ẹ̀dà tèmi dé, mo gbé e lọ síbi iṣẹ́, mo gbé e lé orí aṣọ níwájú obìnrin ará Poland. Kò lè kà á. Ó fi ọwọ́ nu iwájú rẹ̀, ó nu ẹ̀yìn rẹ̀, ó dá a padà fún mi tìṣọ́ratìṣọ́ra. Tíṣà kan l'Ómùpo ń fi ìwé náà kọ́ àwọn ọmọ iléèwé rẹ̀. Obìnrin kan láti Gánmọ kọ̀wé sí mi pé ọmọ òun kì í jẹ́ orúkọ rẹ̀ mọ́ látìgbà tó ti kà á, pé kí ni kí òun ṣe. Mo ní kó ní sùúrù, pé tèmi náà ń lọ díẹ̀díẹ̀.

*

Ẹ̀gbọ́n mi kú nígbà tí mò ń kọ ìwé kejì. Ìwé ìgbélùú mi kò tíì jáde nígbà náà, bí mo bá jáde mi ò ní lè padà wọlé. Mo wo ìsìnkú lórí fóònù. Ọwọ́ ẹni tó mú fóònù náà ń gbọ̀n, bàtà àwọn ènìyàn àti ilẹ̀ pupa ni mo rí jù. Ìyá Bísí gba fóònù nígbà tí wọ́n parí. Ó ní, "Arógunmásàá, má sunkún níbi tí kò ti sí ẹni tó máa rẹ̀ ọ́ lẹ́kún."

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ìwé ìgbélùú jáde. Ibi tó yẹ kí n kọ ojú mi sí hàn gbangba. Mo ní Kérésìmesì tó ń bọ̀ ni màá lọ. Kérésìmesì mẹ́rin ni mo fi sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní iṣẹ́ pọ̀, mo ní ẹ̀yìn ń dùn mí, mo ní kí n parí ìwé kẹta ná. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ẹ̀rù ń bà mí. Mi ò mọ ohun tí màá wí tí mo bá dé iwájú ibojì ẹ̀gbọ́n mi. Mi ò fẹ́ kí wọ́n wò mí, kí wọ́n rí i pé aṣọ ni mo ti ń ká láti ọjọ́ yìí. Ilé tó wà nínú ìwé mi, mo mọ gbogbo igun rẹ̀. Èyí tó wà l'Ómù-Àrán, ó ti ń ṣe mí bíi pé tòlótòló dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, ní ọ̀sán Àìkú kan, mo pè é láti ka ìbẹ̀rẹ̀ ìwé kẹrin, èyí tó máa kẹ́yìn. Mo ti mọ bí màá ṣe parí rẹ̀ láti ìwé kìíní: gbogbo ìlú máa pe orúkọ àbísọ ara wọn lẹ́ẹ̀kan náà, etí Olùgbọ́ máa fọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ẹ̀gúsí ń ró. Kò pẹ́, ó dákẹ́. Inú mi dùn, mo ní ìbẹ̀rẹ̀ yìí ti mú un.

Ó wá pè mí. Kò pe Arógunmásàá. Orúkọ tí bàbá mi sọ mí ló pè, wẹ́rẹ́, bí ẹni tó ń pe ará òpópónà. Ó ní, "Ṣé ìwọ ló ń pariwo sí mi létí?"

Ẹ ti mọ ohun tí mo ṣe. Mo wo ẹsẹ̀ mi.

Bísí gba fóònù. Ó jáde síta kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní, "Bọ̀dá, ẹ má bínú, a ò fẹ́ kí ọkàn yín dàrú lókè òkun." Ó ní ó ti tó oṣù mẹ́jọ tí nǹkan náà ti bẹ̀rẹ̀. Dókítà ti ní kò sí oògùn tó lè dá a padà, pé àrùn ìgbàgbé ló ń ṣe wọ́n. Ó ní Màmá ṣì ń pa ẹ̀gúsí, ṣùgbọ́n èèpo ni wọ́n ń kó sínú abọ́, wọ́n ń da ọmọ rẹ̀ nù. Láàárọ̀, wọ́n á di ẹrù, wọ́n á dúró lẹ́nu géètì, wọ́n á ní àwọn ń lọ sí Àgbámù, sọ́dọ̀ bàbá àwọn.

Mo wá rí i pé ẹ̀gúsí tí mo fi ń díwọ̀n iṣẹ́ mi ti tó oṣù mẹ́jọ tó ti ń purọ́ fún mi. Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló dùn mí jù. Orúkọ yẹn ni. Ìyàwó ilé wa kan kò lè pè é, kódà lójú oorun. Ẹni tó pè é ti jáde nínú agbo ilé wa. Ó ti gba ọ̀nà tó bá wọlé padà sẹ́yìn, ó ti di ọmọ Àgbámù tí ẹnikẹ́ni kò tíì fẹ́, kò sì sí Arógunmásàá níbẹ̀. Mo ti kọ ìwé mẹ́ta pé ẹni tí wọ́n pè lórúkọ ló ń di òkúta. Mo ṣì í kọ. Ẹni tó ń pè ni.

Mi ò kọ nǹkan kan fún oṣù púpọ̀. Àwọn tó ń kàwé mi ń béèrè ìwé kẹrin, mo ní ó wà lọ́nà. Obìnrin ará Poland ṣàkíyèsí pé mi ò sọ̀rọ̀ sẹ́nu mọ́ nígbà tí mo bá ń ká aṣọ, ó bi mí léèrè. Mo fi Gẹ̀ẹ́sì mi tó ṣẹ́ lápá ṣàlàyé. Ó ní ìyá òun náà ṣe bẹ́ẹ̀. Mo bi í bóyá ó lọ wò ó. Ó ní rárá. Ó fa ìṣẹ́tí aṣọ tirẹ̀ le, a pàdé, a yà.

*

Oṣù tó kọjá ni mo tó tún láyà láti pè é. Mi ò mú ìwé kankan dání. Bísí gbé fóònù sí i létí, ó sì kí mi bí wọ́n ṣe ń kí àlejò: "Ẹ kú ọ̀sán, sà."

Mo ní, "Ẹ kú ọ̀sán, Ìyá Bísí." Ó ní òun kò tíì bímọ. Ohùn rẹ̀ fúyẹ́. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Wọ́n fẹ́ mú mi lọ sílé ọkọ l'Ómù-Àrán. Ẹ mọ ibẹ̀?"

"Mo mọ ibẹ̀ dáadáa."

"Wọ́n ní ilé náà kún. Ẹ̀rù ń bà mí."

Láti kékeré, mi ò gbọ́ ọ rí kó sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù, ẹ̀ka tèmi ni nínú ilé yẹn. Bí mo ṣe wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún un nípa ilé wa nìyẹn. Mi ò lè pe Bàbá Ìbéèrè, mi ò lè pe Òpéléńgé, torí òun tó máa sọ wọ́n lórúkọ kò tíì débẹ̀. Ìwà wọn nìkan ni mo sọ. Mo ní bàbá kan wà níbẹ̀ tó máa bi í léèrè títí ọ̀fun á gbẹ, kó má bẹ̀rù rẹ̀, òpònú ni.

Ó rẹ́rìn-ín. "Bàbá Ìbéèrè ni màá pe ìyẹn."

Mo ní ọmọbìnrin kan wà tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó máa fẹ́ràn rẹ̀. Ó rò ó. Ó ní Abẹ́rẹ́ ni òun máa pè é. Mi ò jiyàn. Mò ń gbọ́ ẹ̀gúsí lábẹ́ ohùn rẹ̀, pà, pà.

Mo ní ọmọkùnrin kan wà nínú ilé náà, ọmọ ọdún mẹ́fà, ìyá rẹ̀ ti kú. Mo ní ojo ni. Mo ní ó máa sá wọ abẹ́ ìró rẹ̀ nítorí tòlótòló.

Ẹ̀gúsí dákẹ́.

Mo ní, "Kí lẹ máa pe ìyẹn?"

Ó wá sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ kí n bínú: "Mi ò tíì rí i, sà. Tí mo bá rí i, màá mọ̀."

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo dúró síbi ẹ̀rọ mi. Ọ̀gá mi wà ní ìpẹ̀kun gbọ̀ngàn. Mo pariwo orúkọ rẹ̀, bó ṣe wà, láìfi nǹkan kan síwájú rẹ̀. Ọdún kọkànlá, ìgbà àkọ́kọ́. Ó yíjú, ẹnu yà á. Mo ní mo fẹ́ lọ sílé. Obìnrin ará Poland fi ìṣẹ́tí aṣọ sílẹ̀ lọ́wọ́, aṣọ náà ká mọ́ ẹnu ẹ̀rọ, ohun gbogbo dúró.

Ìwé kẹrin kò tíì parí, mi ò sì tíì mọ bó ṣe máa parí. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni mò ń lọ. Mo ti bi Bísí bóyá tòlótòló ṣì wà nínú agbo ilé. Ó ní méjì wà, ti aládùúgbò, wọ́n burú gan-an, pé òun á ní kí wọ́n tì wọ́n mọ́lé kí n tó dé.

Mo ní kó má tì wọ́n.